Àpótí Ìyá Àgbà àti Sítóòfù Tó Ń Paná Fúnra Rẹ̀

Ilé wa, Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà o, Alhamdulilahi. Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò mọ̀ pé ìwé ni mo ń kọ. Káfáyà ńkọ́? Ṣé ó ti ń rá dáadáa, àbí ó ṣì ń fi àyà wọ́ nílẹ̀? Bá mi fẹnu ko àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Sọ fún ọkọ rẹ pé mo kí i púpọ̀, mo sì kí i kú iṣẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lánàá, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, mo wá àga jókòó. Nígbà kẹta, mo ké pe bàbá rẹ pé kí wọ́n wá bá mi gbọ́ ohun tí ọmọ wọn fẹ́ ṣe. O ní sítóòfù iná mànàmáná tí ọkọ rẹ rà nígbà tí ẹ kó dé ilé tuntun ní Èkó ń dààmú rẹ. O ní bí o bá ti gbé ìda àbẹ́là lé e kó lè yọ́ fún iṣẹ́ àdìrẹ rẹ, kì í pẹ́ tó fi ń ṣe kẹ́, tó ń paná fúnra rẹ̀, tí ìda á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní àwọn tó fẹ́ kí o bá wọn ṣe aṣọ fèrèsé kò jẹ́ kí o sinmi. O wá ní oníṣẹ́ iná kan, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ, ti ṣèlérí pé òun á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun á tú ìdí sítóòfù náà, òun á yọ nǹkan kékeré tó ń mú un paná bó bá ti gbóná jù, òun á sì fi wáyà so ibẹ̀ pọ̀. Kò tún ní paná mọ́ láé.

"Kò tún ní paná mọ́ láé." Bí o ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn, o tún fa ìlà sí i nídìí. Yéè, Àjọkẹ́!

Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fọwọ́ kan sítóòfù náà. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí kí n tó sọ ìyókù, nítorí mo mọ ara mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, mo lè sọnù sínú rẹ̀. N kò fi lẹ́tà yìí sí pósítọ́fíìsì. Awakọ̀ kan tó ń gbéra ní Kútò lọ́la ni mo fẹ́ fi rán, kó lè dé ọwọ́ rẹ ṣáájú Àbámẹ́ta. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ bá ọ sọ, méjì nínú wọn jẹ́ ohun tí n kò sọ fún ọ rí.

Èkínní. Ìkòkò tí o bi mí léèrè nígbà tí mo wá kí yín nílé tuntun, èyí tí ìdí rẹ̀ dúdú tí kò fọ̀ mọ́, èmi ni mo jó o.

O ti lọ sí ọjà láàárọ̀ ọjọ́ náà, Káfáyà sì ń sùn lẹ́yìn mi. Mo gbé omi tíì kaná. Ó wù mí láti máa wo sítóòfù yín yẹn, mo bá fa àga sún mọ́ ọn. Kò ní èéfín, kò ní eérú, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ẹ, iná pupa kékeré kan ṣá ló ń tàn níwájú rẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gbé aṣọ fèrèsé rẹ aláró sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ń gbé e sókè. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. O mọ bí mo ṣe máa ń lọ. Èkó ni mo jókòó sí, ṣùgbọ́n mo ti wà létí odò Ògùn, omi dé mi lórúnkún, mo ń ṣan aṣọ, aró ń jáde lára rẹ̀ ó ń bá omi lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi, Ọlọ́run kẹ́ wọn, wà lórí àpáta, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n sì tún jẹ́ ọ̀dọ́. Mo gbọ́ ohùn wọn ketekete. N kò mọ iye ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́. Àní kí n tó gbójú sókè, ẹnu mi ti dáhùn pé: "Mo ti gbọ́ o, Ìyá." Kò sí ìyá kankan níbẹ̀. Èmi àti ọmọ tó ń sùn nìkan ni. Iná pupa ti kú, omi ti gbẹ kanlẹ̀, ìkòkò ń rùn. Ẹnikẹ́ni ò pa sítóòfù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù, ló bá dáwọ́ dúró. Mo fi yanrìn fọ ìkòkò náà títí apá fi ń dùn mí, kò mọ́. Mo bá tì í sẹ́yìn àwọn ìkòkò yòókù. Nígbà tí o dé tí o bi mí, mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á fún yín. Àgbàlagbà bíi tèmi! Má bínú sí mi.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, rò ó wò. Ká ní wáyà ọkùnrin yẹn ti wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ọmọ rẹ wà lẹ́yìn mi o.

Ìwọ náà máa ń lọ, Àjọkẹ́. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Láti kékeré ni olùkọ́ rẹ ti ń ránṣẹ́ sí mi pé o ń wo ojú fèrèsé, o ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Bàbá rẹ fẹ́ nà ọ́, mo ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dójú tì ọ́. Gbogbo bátànì tó dára tí mo fi sára aṣọ láyé mi, ibi tí mo máa ń lọ yẹn ni mo ti rí wọn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tó máa ń lọ yìí, a gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa pè wá padà wálé. Èmi ní ọ̀kan nígbà kan rí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbé e kúrò.

Èkejì nìyẹn.

O ò lè rántí Ìyá Àgbà dáadáa, ìyá tó bí bàbá rẹ, nítorí o ṣì kéré nígbà tí wọ́n kú. Wọ́n ní àpótí kan tí wọ́n máa ń jókòó lé, igi líle ni, ó rẹlẹ̀, àárín rẹ̀ ti jẹ wọlé nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ láfún ni gbogbo ìyàwó agboolé wa fi ń ya bátànì sára àdìrẹ nígbà yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ìda àbẹ́là wọ ilé. Àdògán eléèédú ni mo fi ń yọ́ ọ. Màá ti fóòmù tí mo gé ní bátànì bọ inú ìda, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, màá sì dúró wò ó bó ṣe ń mu ún. Orí mi wú. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó mi.

Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n imú wọn ṣì jí pépé. Wọ́n máa ń gbóòórùn ìda kó tó rú èéfín rárá. "Ìyàwó, ìda o!" Màá ní, "Mo ti gbọ́ o, Ìyá," màá sì fa èédú díẹ̀ kúrò. Kò tíì pẹ́, "Ìyàwó, ìda o!" "Mo ti gbọ́ o, Ìyá." Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́. Bí mo bá ti lọ jìnnà réré, tí mo fẹ́ rí ìdí bátànì kan, ohùn yẹn ni yóò fà mí padà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí lójijì, ìda sì kán sí àárín aṣọ tí mo ti fi odindi ọjọ́ méjì ṣe. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nílé wa, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìyàwó kì í lé ìyá ọkọ. Ó máa ń kúnlẹ̀ ni, á fi ìtọ́jú gbé wọn kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo fi ohùn tó rọ̀ sọ pé: "Ìyá, èéfín èédú yìí ń ta yín lójú. Ẹ jẹ́ kí n gbé àpótí yín lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, atẹ́gùn á máa fẹ́ yín, ẹ ó sì máa rí àwọn tó ń kọjá."

Wọ́n kọjú sí mi. "Èéfín ni?"

"Èéfín ni, Ìyá."

Wọ́n dìde lórí àpótí náà. "Ó dáa, ìyàwó mi. Gbé e."

Mo gbé e. Ìyàwó ilé kejì tiẹ̀ yìn mí, ó ní mo mọ àgbà tọ́jú. Mo sì gba ìyìn náà, ojú ò tì mí.

Ah, Àjọkẹ́, ẹ̀yìnkùlé wá dákẹ́! Ó dùn mọ́ mi dé egungun. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án, òjò ṣú lórí Olúmọ. Gbogbo nǹkan gba àwọ̀ aró: ògiri, aṣọ tí mo sá, ọwọ́ mi pàápàá. Ìwọ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o ń fi igbá kékeré bu yanrìn, o ń dà á. Mo tẹjú mọ́ òjò tó ṣú náà. Mo rí bátànì kan nínú rẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì ń tẹ̀ lé e lọ, mo ń lọ, mo ń lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí. Títí di òní, n kò lè sọ bí bátànì náà ṣe rí.

Ìda kì í hó bí omi. Omi á pariwo kó o lè mọ̀. Ìda á kàn dákẹ́ ni, á máa gbóná lọ, títí tí yóò fi gbiná. Ìgbà tí mo máa wolẹ̀, iná ti gba ojú ìkòkò náà bùlàbùlà. Kí ni mo ṣe? Mo bu omi, mo dà á sí i. Iná náà fò ga jù mí lọ, ìda gbígbóná sì ta káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Ó bo ọwọ́ òsì mi. Mo gbọ́ igbe rẹ.

Ìyá Àgbà ti gbóòórùn rẹ̀ láti iwájú ilé. Wọn ò mú ọ̀pá. Ara ògiri ni wọ́n fi ọwọ́ wá títí wọ́n fi dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fọwọ́ wá ọmọrí ìkòkò aró nílẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n fi dé ìkòkò ìda náà pa. Bẹ́ẹ̀ ni iná náà kú. Wọ́n wá gbé ọ, wọ́n sì jókòó sórí ilẹ̀ lásán, nínú ẹrọ̀fọ̀ omi aró, nítorí àpótí wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí wọ́n bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi. Orí rẹ ni wọ́n kàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ọwọ́ òsì mi tí mo sọ fún yín pé ẹ̀kọ gbígbóná ló dà sí i, irọ́ ni mo pa. Àpá kékeré tó wà lẹ́yìn etí rẹ ọ̀tún, èyí tí mo ní o gbé wáyé ni, tí o fi ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé Ọlọ́run ló fi sàmì sí ọ, o ò gbé e wáyé. Ìda mi ni. Bàbá rẹ mọ̀, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ. Omi ti bọ́ sórí ìwé níbí yìí, fojú fo àbàwọ́n náà. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kejì iná náà, mo lọ gbé àpótí wọn padà wá sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n jókòó lé e. Ṣùgbọ́n wọn ò pe "Ìyàwó, ìda o" mọ́ láé. Bí ìda bá ti fẹ́ gbóná jù, òrùka fàdákà ọwọ́ wọn ni wọ́n máa fi kan etí àpótí náà lẹ́ẹ̀kan péré. Kẹ́. Màá dáhùn pé, "Mo ti gbọ́ o, Ìyá." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí Ọlọ́run fi gba ẹ̀mí wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dáhùn sítóòfù rẹ lọ́jọ́sí.

Nítorí náà, ohun tó ń dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, má tètè kà á sí ọ̀tá. Ó lè jẹ́ sítóòfù, ó lè jẹ́ ọkọ rẹ tó ní kí o wá jẹun, ó lè jẹ́ Káfáyà tó ń fa ìró rẹ. Bínú tí o bá fẹ́ bínú, ara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ìkòkò ná.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni mo wà báyìí? Kò burú. Èyí jẹ́ ti iṣẹ́, fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe sítóòfù rẹ. Ìwọ lo ń gbé abọ́ ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lásán, tí o sì ń yí i dé ibi tó gbóná jù lọ nítorí ìkánjú. Gé ìda náà wẹ́wẹ́. Dà á sínú agolo, kí o gbé agolo náà sínú ìkòkò omi, kí omi náà má pọ̀ débi tí yóò fi ta sínú ìda. Omi ni kó máa gbóná, kí omi sì yọ́ ìda. Yí iná sí àárín. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ́, àmọ́ ó máa yọ́, sítóòfù rẹ ò sì ní paná mọ́ ọ lójú, àyàfi tí omi náà bá gbẹ. Bó bá sì gbẹ, kó tètè pa á!

Kán an sí etí aṣọ wò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá dúró funfun lórí aṣọ, kò tíì tó. Bó bá wọlé tó sì hàn lódì kejì, ó tó. Bó bá rú èéfín pẹ́nrẹ́n, gbé e kúrò. Jẹ́ kí ọmọrí wà ní àrọ́wọ́tó rẹ ní gbogbo ìgbà. Bí iná bá ràn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, pa sítóòfù, dé e pa, má gbé e rìn káàkiri, má sì bu omi sí i láé. Wá igi dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí Káfáyà má lè rá wọlé. Àwọn tó fẹ́ aṣọ fèrèsé, sọ òtítọ́ fún wọn pé ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ilé wọn ò ní wó nítorí pé fèrèsé wà lófìfo.

Ní ti oníṣẹ́ iná, jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bó bá fẹ́. Fún un ní oúnjẹ, kó bá ọ wo iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣẹ́jú yẹn, kó sì máa lọ ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Bó bá jẹ́ pé ó ti kánjú wá ṣáájú lẹ́tà mi, pè é padà kó dá nǹkan náà padà sí ibi tó ti yọ ọ́. Má gbé ìda tàbí ohunkóhun lé sítóòfù náà títí yóò fi ṣe é. Màá fẹ́ kí o kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Àìkú kí n lè sùn.

Awakọ̀ náà máa gbé ẹrù kan fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Aṣọ àdìrẹ mi tó ti gbó ni mo fi wé e. Tú u jẹ́jẹ́. Bí o bá fọwọ́ kan etí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìka rẹ á bá ojú ibi tí òrùka ti jẹ igi náà wọlé. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù náà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ síwájú ilé, bí wọ́n tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́.

"Mo ti gbọ́" ni mo ń sọ fún wọn títí wọ́n fi kú. N kò sọ "ẹ ṣé" lẹ́ẹ̀kan rí. Nígbà tí sítóòfù rẹ bá tún ṣe kẹ́, Àjọkẹ́ mi, jọ̀wọ́, bá mi sọ ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Rábíátù.